Ọ̀dà tí wọ́n kùn sára àpótí ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di olè

Ọlọ́jà ni mí. Aṣọ ni mò ń tà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, inú ìsọ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo wà. N kì í ṣe akọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún un.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ pé, "Ọ̀dà lásán-làsàn! Kín ni obìnrin yìí fẹ́ rí sọ nípa ọ̀dà?" Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì kan ni là ń pè ní ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀dà ló jẹ́ kí n dúró láàárín ọjà, kí n pe obìnrin tó bí mi í bí ní olè. Ìtìjú ẹ̀ ò tíì kúrò lójú mi tán títí dòní.

Àpótí kan wà tí ìyá mi máa ń jókòó lé nínú ìsọ̀. Igi ìrókò ni. Káfíńtà kan ní Ìrémọ ló kàn án fún un ní 1974, ìyẹn ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Bàbá mi ló sanwó ẹ̀ nígbà tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀. Ó ga tó orúnkún, ó ní ìdérí, ó ní ibi tí wọ́n ń fi àgádágodo sí. Lójú ọ̀sán, ìjókòó ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, owó ọjà á wọ inú ẹ̀. Kò sí ọ̀dà kankan lára ẹ̀ nígbà yẹn. Aṣọ ìyá mi tó ń nù ún lójoojúmọ́, epo ara, òógùn, àti àdí tó máa ń fi pa á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ di dúdú tó ń dán bí ara ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún.

Ìyá mi ò mọ̀wé, àmọ́ kò sí ọmọ Yunifásítì tó lè bá a díje nínú ìṣirò owó. Àwọn obìnrin ọjà tí wọn ò fẹ́ kí owó tán mọ́ wọn lọ́wọ́ máa ń gbé e fún un pa mọ́. Kì í ṣe alájọ o, kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ló ń ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ìwé owó ẹ̀ dà? Inú ìdérí àpótí yẹn ni. Ó fi ẹnu ìṣó ya àmì fún oníkálukú. Ẹni tó ń ta ẹja, ó ya ẹja fún un. Ẹni tó ń ta ata, ó ya ata. Bí ẹ bá ti gbé owó yín dé, á fa ìlà kan sábẹ́ àmì yín níṣojú yín. Ìlà kan jẹ́ náírà kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ọgọ́rùn-ún náírà. Kó tó kú, ìlà kan ti di ₦1,000. Ọjọ́ tí ẹ bá gba owó yín, á fa ìlà gbọọrọ kan dábùú gbogbo ẹ̀. Ó parí nìyẹn.

Láti kékeré ni mo ti ń rí àwọn ìlà wọ̀nyẹn. Mo rò pé nǹkan ayé àtijọ́ ni, pé ìyá mi ti ṣíwọ́ ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ ìṣirò fún un. Mi ò bi í léèrè rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi kú ní oṣù kẹjọ, 2016. Ẹ mọ bí ìsìnkú àgbà ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Àwọn àna wa ń bọ̀ láti Iléṣà, àwọn ẹbí ń bọ̀ láti Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní gbogbo ilé gbọ́dọ̀ máa dán. A wo àwọn àga bàbá wa mẹ́fà tó wà ní pálọ̀, igi apá ni wọ́n fi ṣe wọ́n, pọ́líìṣì ara wọn ti ń ṣí. A wo tábìlì, a wo kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kí wọ́n gbé àpótí ìyá mi wá láti ìsọ̀ kí wọ́n kun òun náà, nítorí orí ẹ̀ la fẹ́ gbé fọ́tò ìyá lé.

A pe akunlé kan. Ó wo gbogbo ẹrù náà, ó ní ₦45,000 ni iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní òun máa fọ̀ wọ́n, òun máa fi sánpépà ha wọ́n, òun máa kun ọ̀dà ìsàlẹ̀, òun á wá kun tòkè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa tó ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo pariwo. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Àga lo fẹ́ kùn àbí ààfin?" Ọlọ́jà ni mí, mo mọ ọjà á ná. Mo ná an títí ó fi gba ₦15,000, mo sì fún un ní ọjọ́ mẹ́rin péré. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, Mọ̀mí, bí ẹ bá ṣe sanwó la ó ṣe ṣiṣẹ́." Mo rò pé mo ti jèrè. Mi ò mọ̀ pé ìtìjú ni mo rà lọ́pọ̀.

Ohun tó ṣe nìyí. Kò fọ nǹkan kan, kò ha nǹkan kan. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ láti ilé tó kùn tẹ́lẹ̀, ọ̀dà elépo tó máa ń dán. Ó rí i pé kò ní kárí, ó bu kẹrosíìnì sí i. Ó kun gbogbo ẹrù náà láàárọ̀, ó tún kun wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, lójú òjò. Nígbà tó dé orí àpótí, ó ṣí ìdérí, ó kun inú ẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní òun rí i pé inú náà "dọ̀tí", òun sì fi ìyẹn ta mí lọ́rẹ ni. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Nígbà tí iná mànàmáná tan sí wọn lálẹ́, gbogbo ẹ̀ ń kọ mànà. Mo fi ₦1,000 lé owó ẹ̀.

Ọjọ́ ìnáwó dé. Ìyá ọkọ àbúrò mi jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà, aṣọ lẹ́ẹ̀sì funfun ló wọ̀, ó jẹun, ó gbádùn. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àna dìde wá jó, ìyá dìde, àga bá a dìde. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Àwọn méjì di àga mú, àwọn méjì di ìyá mú. Nígbà tí aṣọ náà máa kúrò, ó ró "ràràrà." Àwòrán àga wà lẹ́yìn aṣọ funfun, àwòrán aṣọ lẹ́ẹ̀sì náà wà lára àga, ihò ẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé síbẹ̀. Mo ra lẹ́ẹ̀sì mìíràn fún ìyá náà. Owó ẹ̀ ju ₦30,000 tí mo rò pé mo ti ná wálẹ̀ lọ.

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, ẹ̀rín la ó máa fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún rín. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí á ṣe ogójì ọjọ́ ìyá mi ni ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ wá bá mi ní ìsọ̀. Àgbà ni, òun àti ìyá mi ni wọ́n jọ máa ń ra àkàrà jẹ láàárọ̀. Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Ó wá sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ pé, "Ọmọ mi, owó mi kan wà lọ́wọ́ ìyá yín. Mo fẹ́ fi ra ọjà ọdún ni. ₦23,000 ni."

Mo ní, "Ìyá, ìwé ẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Ìwé bíi ti báwo? Ṣí àpótí, wàá rí i."

Mo ṣí àpótí. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló ń wò wá. Kò sí ẹja, kò sí ata, kò sí ìlà kankan.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò mọ ohun tó gbé mi wọ̀. Àwọn tó ti wá bá wa láti ìgbà ìsìnkú pé ìyá jẹ wọ́n lówó ti pọ̀, òmíràn nínú wọn irọ́ ló ń pa. Gbèsè ìnáwó sì wà lọ́rùn mi. Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Ìyá! Ẹ wá fẹ́ jẹ owó òkú? Ẹ mọ̀ pé òkú kì í sọ̀rọ̀!" Gbogbo ìlà aláṣọ ló gbọ́. Ìyá náà ò fèsì. Ó fọwọ́ pa inú ìdérí yẹn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Ó tún ìró ẹ̀ ró, omijé bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Ìyá ẹ ò ní ṣe mí báyìí." Ó lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo sọ ọ́ tán ni ara mi ti ń sọ fún mi pé nǹkan ò dáa. Àmọ́ agídí ò jẹ́ kí n pe ìyá náà padà.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ọyẹ́ dé. Ọ̀dà ara àwọn àga bẹ̀rẹ̀ sí í sán bí ojú ilẹ̀ tí òjò ti pa tì. Ó ń ṣí ní wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Lọ́jọ́ kan, mo rí ọmọ ọmọ mi, kò tíì pé ọdún méjì, ó ń fi èékánná ṣí i lára àpótí, ó ń fi sẹ́nu. Mo sáré gbà á lẹ́nu ẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ìdérí náà kúrò nílẹ̀ báyìí, mo rí i. Ibi tí ọmọ náà ti ṣí ọ̀dà, ìlà mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Àyà mi là gàà.

Mo gbé àpótí náà sínú ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ bàbá káfíńtà kan tó ti ń ṣiṣẹ́ igi kí wọ́n tó bí mi. Bàbá náà wò ó, ó fi ojú èékánná ha ọ̀dà, ọ̀dà ṣí gbàlà. Ó pòṣé. Ó ní, "Ta ló fi ọ̀dà sórí àdí?" Ó wá ṣàlàyé fún mi, àlàyé yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́.

Ó ní, "Ìwọ tó ń ta aṣọ, ṣé o mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ibi tí aládìrẹ bá fi ẹ̀kọ sí, ṣé aró ń mú un?" Mo ní rárá, funfun ló máa wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni epo ṣe ń ṣe lára igi. Igi tí àdí tàbí pọ́líìṣì bá wà lójú ẹ̀, ọ̀dà ò ní ríbi dì mú. Orí epo ló kàn sùn sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi díẹ̀ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí wọ́n wá fi sánpépà ha á, kí ojú ẹ̀ lè ṣe háráhárá, kí ọ̀dà lè rí nǹkan dì mú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà ìsàlẹ̀, kó tó kan tòkè.

Mo bi í pé kí ló dé tí aṣọ àna wa fi lẹ̀ mọ́ àga. Ó ní, "Ṣé o ti dín àkàrà lórí iná tó pọ̀ jù rí? Ẹ̀yìn á pọ́n, inú á wà ní tútù." Ó ní ọ̀dà elépo kì í gbẹ bíi ti aṣọ tí a sá. Afẹ́fẹ́ ló ń mú un le, láti òkè lọ sísàlẹ̀. Bí ó bá nípọn jù, tàbí tí wọ́n kun ìkejì kí àkọ́kọ́ tó gbẹ, òkè á le, abẹ́ á wà ní rírọ̀. Òjò ń fà á sẹ́yìn, kẹrosíìnì tún ń fà á sẹ́yìn torí òróró tó wà nínú ẹ̀. Tápẹ́ńtáìnì ni wọ́n fi ń po irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, níwọ̀nba. Tí ara ènìyàn tó gbóná bá wá jókòó lé e fún wákàtí méjì, kín lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Bàbá náà wá sọ ohun kan tó dẹ́rù bà mí. Ó ní bí akunlé yẹn bá ṣe iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa ni, àwọn àmì ìyá mi ì bá ti lọ pátápátá. Sánpépà ì bá ti ha gbogbo ìlà náà nù kí ọ̀dà tó kàn án. Iṣẹ́ burúkú ẹ̀ ló kó mi yọ! Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju iṣẹ́ dáadáa àti iṣẹ́ burúkú lọ? Kí á tó fọ̀ ọ́, kí á tó ha á, ó yẹ kí ẹnì kan ti kọ́kọ́ wo àpótí yẹn, kó sì béèrè pé, "Kí ni nǹkan yìí gbé sínú?" Akunlé ò béèrè. Èmi ọmọ onílé náà ò béèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣí ọ̀dà náà. Ẹlòmíràn ì bá da kọ́ọ́sítíkì sódà lé e, irú èyí tí àwọn aláró àti àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. Bàbá ní rárá o, ó ń jó ọwọ́, ó sì ń sọ igi di dúdú rádaràda. Ó ní a ò gbọdọ̀ fi iná yọ́ ọ, a ò sì gbọdọ̀ fi sánpépà ha á ní gbígbẹ. Ó ní òjé wà nínú àwọn ọ̀dà kan, pàápàá ti àtijọ́. Wọ́n ń fi sí i kí àwọ̀ ẹ̀ lè tàn, kó sì lè tètè gbẹ. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, níbi tí àwọn tó ń wa góòlù ti ń lọ òkúta tí òjé wà nínú ẹ̀ láàárín ilé. Ó ju 400 ọmọdé lọ tó bá a lọ. Eruku òjé ò ní òórùn, kò sì korò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Nígbà tí mo rántí ọmọ ọmọ mi tó ń jẹ ọ̀dà, orí mi wú. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, a dúpẹ́, nǹkan kan ò ṣe é.

Bàbá da aṣọ bo imú, ó lé àwọn ọmọdé jìnnà, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ó rin ojú ọ̀dà náà, ó ń fi irin pẹlẹbẹ kan tí kò mú tì í díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ṣí, inú ike ló ń kó o sí, kì í jẹ́ kó dà sílẹ̀. Nígbà tó kan inú ìdérí, ó gbé irin sílẹ̀. Ó bu tíńnà sórí òwú, ó ní kí n lọ mú ọwọ̀n ìgbálẹ̀ wá. Ẹnu ọwọ̀ ìgbálẹ̀ la fi ń yọ ọ̀dà kúrò nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà kúnlẹ̀, mò ń yọ ọ́. Ṣe ni ó dà bíi pé ìyá mi ń sọ̀rọ̀ sí mi létí.

Ẹja jáde. Ìrù ẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, kó tó kan orí. Mo ka ìlà abẹ́ ẹ̀. Mo tún un kà. Bàbá bá mi kà á. Mẹ́tàlélógún ni. Kò sí ìlà kankan tó dábùú ẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ké.

Lọ́jọ́ kejì mo mú ìyá àgbà méjì láti ẹgbẹ́ aláṣọ dání, mo kó ₦23,000 àti ìró kan, mo lọ bá ìyá ẹlẹ́ja nílé ẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó gba owó, ó kà á, ó dá ìró padà. Ó ní, "Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n inú ilé kọ́ lo ti bú mi." Mo mọ ohun tó ń sọ. Ní ọjọ́ ọjà, mo lọ dúró níwájú ìsọ̀ ẹ̀, mo sọ ọ́ lóhùn òkè pé irọ́ ni mo pa mọ́ ìyá yìí, owó ẹ̀ ni, mo sì ti san án. Àwọn kan ń wò mí bíi wèrè. Ó tọ́ sí mi. Ìgbà yẹn ló gba ìró náà, ó sì ró o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má rò pé mo ń bínú sí ọ̀dà o. Bàbá káfíńtà ní àwọn baba wa náà ń kun igi. Àwọn agbẹ́gilére ń fi ẹfun ṣe funfun, wọ́n ń fi osùn ṣe pupa, wọ́n ń fi ẹlú ṣe búlúù. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé, àwọn ìyá ìbejì ń fi kun irun ère ìbejì wọn. Nígbà tí ọ̀dà inú agolo wá dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òun náà kun òpó àti ère. Òmíràn dára. Òmíràn, ọ̀dà ti bo orí ọ̀dà tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ò fi rí ojú àti etí ère mọ́, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ agbẹ́gi ti rì. Síbẹ̀, bàbá ní kì í ṣe gbogbo ọ̀dà àtijọ́ ni ká máa bó. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn baba wa ló kùn ún, bí ẹ bá bó o, ìtàn lẹ bó dànù.

Nígbà tí ọmọ mi tó ń kọ̀wé yìí wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó mú mi lọ wo ère Odùduwà tó wà ní Gbọ̀ngán Odùduwà. Bàbá Lámídì Fákẹ́yẹ ló gbẹ́ ẹ ní 1987. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni bàbá náà, ìran agbẹ́gilére ni wọ́n, ó sì kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì ní iṣẹ́ yìí ní Ifẹ̀ níbí kó tó kú ní oṣù Kejìlá, 2009. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀ ni kò fi ọ̀dà bò, ojú igi ló jẹ́ ká máa rí. Nígbà yẹn mi ò ro nǹkan kan sí i. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àpótí yìí ni mo wá mọ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ dá lójú kì í wá ohun tí yóò fi bò ó.

Ẹ̀yin akunlé àti káfíńtà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jọ̀wọ́, bí oníbàárà bá ná iṣẹ́ yín títí tí owó ò fi tó nǹkan tí ẹ máa fi ha igi, ẹ sọ fún un pé kó gbé ẹrù ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ọ̀dà tan án. Ẹ sì máa béèrè kí ẹ tó kun nǹkan àtijọ́. Ẹ̀yin tó ń ra àga ògbólógbòó, tí ẹ ń fi ọ̀dà bo ibi tí kòkòrò ti jẹ, tí ẹ ń tà á bíi tuntun, ẹ rántí pé ọ̀dà ò lè di ẹrù mú. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá ti ibẹ̀ ṣubú, ẹ ò ní lè ní ẹ ò mọ̀.

Ẹ̀yin oníbàárà ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kì í ṣe gbogbo àga àtijọ́ ló ń fẹ́ ọ̀dà. Òmíràn, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi pọ́líìṣì pa á ti tó. Pọ́líìṣì àwọn káfíńtà àtijọ́, èèpo wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní shellac ni wọ́n ń rẹ sínú sípíríìtì. Kòkòrò kékeré kan tó ń gbé lára igi ní Íńdíà ló ń pọ̀ ọ́ jáde. Ó ń jẹ́ kí ojú igi yọ, àmọ́ ẹ má gbé ìkòkò gbígbóná lé e, ẹ má jẹ́ kí omi pẹ́ lórí ẹ̀, á yọ funfun. Èyí tó bá máa wà níbi tí omi wà, fánìṣì ló dáa fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ wo inú ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé.

Àpótí ìyá mi ti padà sí ìsọ̀. A fọ ara ẹ̀ lóde, a fi pọ́líìṣì pa á. Inú ìdérí, a ò fọwọ́ kàn án mọ́. Lẹ́yìn ẹja, a rí àmì ata pẹ̀lú ìlà mọ́kànlá tí kò ní ìdábùú. Ìyá aláta náà ti kú ṣáájú ìyá mi, mo wá àwọn ọmọ ẹ̀ kàn, mo sì gbé ₦11,000 fún wọn. Wọn ò mọ̀ rárá pé ìyá wọn fi owó kankan pa mọ́.

Ó wá ku ẹyọ kan. Àmì kan wà níbẹ̀ tí èmi ò mọ ẹni tó ni ín, àwọn àgbà ọjà tí mo bi léèrè náà ò mọ̀ ọ́n. Ìlà wà lábẹ́ ẹ̀, kò sí ìdábùú. Mi ò ní sọ irú àmì tó jẹ́, mi ò sì ní sọ iye ìlà, torí ẹni tó bá ni ín á mọ̀. Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí gan-an nìyẹn. Ìyá, tàbí ọmọ ìyá, tó bá mọ̀ pé òun fi owó pa mọ́ sọ́dọ̀ aláṣọ kan tó ń jókòó lé àpótí ìrókò ní ọjà Ifẹ̀, ẹ wá. Ẹ béèrè ìsọ̀ wa ní ìlà aláṣọ. Mi ò ní béèrè ìwé lọ́wọ́ yín. Mo máa ṣí àpótí, ẹ ó sọ àmì yín fún mi, a ó sì jọ ka ìlà náà.